Àìsàn Tí Màmá Mi Fi Sí Mi Lára

Mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, mo sì lè gbàgbé ọjọ́ tí mo sá jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan báyìí wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí tí n ó fi di arúgbó. Ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀sì kan gbéra ní Ìkàrẹ́, ó di Ọ̀kà, àwọn obìnrin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń lọ bẹ aláìsàn wò. Èmi ni aláìsàn náà. Kò sì sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn ni mo máa ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ń wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo lè fara dà á. Àmọ́ bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, tí wọ́n wá kọjú sí mi, ọ̀fun mi á gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé á sì fò lọ. Màmá mi ní ìtìjú lásán ni. Bàbá mi ní n ó bọ́ nínú rẹ̀ bí mo bá dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírù tó ń gbé ní Ìbàdàn ní àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, àmọ́ màmá mi ní kó má pe orúkọ kankan mọ́ ọmọ òun.

Ọdún tí mo wọ girama àgbà ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Wọ́n yàn mí pé kí n ka àdúrà òwúrọ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé. Mo há a sórí. Mo kà á fún ògiri, mo kà á fún ìkòkò, mo kà á fún bàbá mi nígbà tó ń sùn. Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ náà dé, mo gun pèpéle, wọ́n fi makirofóònù lé mi lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n dáhùn. Ìdáhùn yẹn ló bà á jẹ́, nítorí mi ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo yí padà, mo sọ̀kalẹ̀, mo gba ẹnu géètì jáde, mo kọrí sílé. Mo ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó kí n tó rí i pé makirofóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí tí kò ní wáyà ni. Ká ní ó ní wáyà, bóyá ìbá dá mi dúró.

Bàbá mi ló lọ dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tíṣà bi í pé kí ni àwọn fi ṣe ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n kí i ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ̀ jálẹ̀ pé mi ò lọ mọ́. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bú mi, wọ́n ra bàtà tuntun fún mi. Mo gba bàtà, mi ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá pè láti Ìbàdàn pé ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Tíṣà á jókòó sílé tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sílé tiwọn, ẹni tó bá sì wù á lè pa kámẹ́rà rẹ̀.

Mo ní, "Wọn ò ní í rí mi?"

"Wọn ò ní í rí ọ."

"Wọn ò ní í gbọ́ ohùn mi?"

"Àyàfi tó bá wù ọ́."

Àṣé wọ́n ti ṣí àlùjánnà sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò wá sọ fún wa ní Ìkàrẹ́.

Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn tirẹ̀. Ó ní, "Táàmù kan ni mo fún ọ. Bí o bá yege, máa bá a lọ. Bí o bá fìdí rẹmi, ìwọ àti makirofóònù ọjọ́sí ẹ máa tún pàdé." Tíṣà wa, Àǹtí Kẹ́mi, náà ṣàlàyé fún wa pé ní ìparí táàmù, olúkúlùkù á ṣí kámẹ́rà rẹ̀, á sì sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò yege. Ọ̀nà ṣì jìn nígbà náà, mo sì gbàgbé ẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àárọ̀ á mọ́, n ó wọ ìbòrí mi, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó pa kámẹ́rà, n ó sì máa fi ìka tẹ ìdáhùn ránṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ dé ibi pé mo tilẹ̀ sanra. Èmi àti kíláàsì mi ò gbọ́ ohùn ara wa rí, a sì fẹ́ràn ara wa gan-an.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé Ìkàrẹ́ ni mo wà. Télọ̀ ni màmá mi, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tó ń gba àdúgbò wa kọjá tí kò ní í yà kí i. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Sàdíà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Ìyá Sìkírù, mi ò rí ọmọbìnrin yín kó lọ ilé-ìwé mọ́. Ṣé kò sí o?"

Mo ń gbọ́ wọn láti yàrá. Màmá mi ò lè sọ pé ọmọ òun ń bẹ̀rù èèyàn, kí wọ́n má lọ máa wí kiri pé orí ọmọ òun ò pé. Ó tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ara ẹ̀ ni kò yá díẹ̀."

"Díẹ̀" yẹn ló gbójú lé. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, bí ẹ bá sọ pé ara ẹnì kan ò yá díẹ̀, "díẹ̀" yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jù nù kí wọ́n tó bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Làádá tún wà nínú kí èèyàn lọ bẹ aláìsàn wò, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsálátù ìyá mi kì í sì í fi làádá ṣeré. Kó tó di àsìkò Àsárì, mo gbọ́ sáláámù wọn lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi sáré wọ yàrá, ó na aṣọ ìbora sí mi.

"Dùbúlẹ̀! Dùbúlẹ̀ kíá!"

"Màámi, mo wà ní kíláàsì."

"Dùbúlẹ̀ sínú kíláàsì náà!"

Mo dùbúlẹ̀. Bí mo ṣe di aláìsàn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ wọn dé, ìrọ̀lẹ́ wọn dé. Wọ́n á yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, wọ́n á máa wò mí, wọ́n á máa mirí. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé ẹyin wá. Ìyá Sàdíà mú odidi àgbébọ̀ adìyẹ wá láàyè, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, adìyẹ náà sì ń wò mí. Èmi tí mo sá fún èèyàn nílé-ìwé, mo wá rí i pé ilé-ìwé sàn. Níbẹ̀, wọ́n máa ń tú wa sílẹ̀ lọ́sàn-án.

Kí n má pa irọ́, mo gbìyànjú láti máa kàwé lọ. N ó tọ́jú fóònù sábẹ́ aṣọ, n ó ki wáyà rẹ̀ bọ etí kan. Ìyá Sàdíà rí wáyà náà, ó béèrè ohun tó wà fún. Màmá mi ní dókítà ló ní kí n máa lò ó. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan wáyà náà tìyanutìyanu ni Àǹtí Kẹ́mi dá ìṣirò kan sílẹ̀, ó pe orúkọ mi, ó ní kí n fi ẹnu dáhùn lónìí, òun ò gba ti ìka mọ́. Mo mọ ìdáhùn náà. Mo di ojú mi méjèèjì, mo ní, "Méje ni, mà."

Ìyá Sàdíà dìde dúró. "Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Màmá mi ní, "Kò sí ẹnì kankan."

Ó rò pé òun ń tún un ṣe ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Sìkírù ti ń ka ohun tí ojú lásán ò rí, ó sì ti kà á dé méje.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sunkún fún bàbá mi. Mo ní nínú ilé yìí, bí mo bá ṣí kámẹ́rà, àwọn àlejò mi ni kíláàsì máa rí. Bàbá mi rò ó díẹ̀, ó ní kí n lọ bá ìyá ìyá mi ní Ọ̀kà. Ìyá àgbà ń dá gbé nísàlẹ̀ òkè, etí rẹ̀ ti wúwo, àlejò ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rùú ni bàbá mi fi ọ̀kadà gbé mi lọ, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àìsọ yẹn ló kó bá wa. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Sàdíà gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, ó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Ó jáde lọ bá màmá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Ìyá Sìkírù, ọmọ dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí Ọ̀kà."

Ìyá Sàdíà rọra gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dédé gbé aláìsàn kúrò nílé lọ sí ìlú mìíràn, kò sí ẹni tó ń béèrè ìbéèrè kejì. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin mùsùlùmí àdúgbò wa, obìnrin gàgàrà kan tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, àwọn ọmọ kéékèèké á dìde. Ìyá Àdínì ní kí wọ́n pe bọ́ọ̀sì. Wọ́n fi màmá mi síwájú kó máa júwe ọ̀nà. Màmá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo ojú ọ̀nà ni òun fi ń gbìyànjú láti jẹ́wọ́, àmọ́ bí òun bá ti ya ẹnu, wọ́n á fọwọ́ gbá òun lẹ́yìn, wọ́n á ní, "Má sunkún mọ́. Ti Ọlọ́run ni."

Èmi ò mọ̀ nípa gbogbo èyí. Ìṣòro tèmi ní Ọ̀kà ni pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì nínú ilé ìyá àgbà. Kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ibi kan ṣoṣo tó wà ni orí àpáta pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sí. Ìyá àgbà ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lọ síbẹ̀, kí n bá òun máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Ó fún mi ní ẹní, ó fún mi ní ọ̀pá.

Báyìí ni mo ṣe bára mi lórí àpáta nínú oòrùn, mo fi òkúta méjì ti fóònù dúró, ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè ṣe máa rí i.

Àkòrí tí mo yàn fúnra mi ni ìdí tó fi dára kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá kàwé. Àǹtí Kẹ́mi ní kí n ṣí kámẹ́rà. Mo ṣí i. Gbogbo kíláàsì rí ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ń rò ó pé bí mo bá dákẹ́ báyìí, ó di iwájú makirofóònù nìyẹn. Mo gbé ojú sókè, mo bẹ̀rẹ̀: "Ibi tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí kò sí èrò, ni ìmọ̀ ti ń wọlé..." Ewúrẹ́ dé. Mo na ọ̀pá sí i. "Kúrò níbẹ̀! Bí èèyàn bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọkàn rẹ̀ á pín. Mo ní kúrò!"

Ibẹ̀ ni mo dé tí mo gbọ́ àdúrà láti ẹ̀yìn ilé. Kí n tó yíjú, wọ́n ti gun àpáta.

"Yéè! Ẹ wò ó nínú oòrùn!" Ohùn Ìyá Sàdíà nìyẹn. "Òkúta ló ń bá sọ̀rọ̀! Ẹ wo ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ìyá Àdínì sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́. "Ọmọ mi, fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀."

"Ewúrẹ́ ni mo ń lé, mà."

Gbogbo wọn wò yíká. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ewúrẹ́ ti sá lọ.

"Ewúrẹ́ wo?" Ìyá Àdínì béèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó ń tu ọmọ ọwọ́ nínú.

Wọ́n dì mí mú. Ẹnì kan gbá orí mi mú, ẹnì kan da omi àdúrà inú ike lé mi níwájú orí, àwọn tó kù ń ṣe àmín. Láàárín òkúta méjì, ohùn jáde: "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Àwọn wo nìyí?" Ìyá Sàdíà fò sẹ́yìn, ó tẹ èlùbọ́. Ìyá Àdínì ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fóònù, ó rí àwọn èèyàn nínú rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Gbogbo kíláàsì dáhùn pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Àǹtí Kẹ́mi ní, "ìdánwò ni ọmọ yìí ń ṣe lọ́wọ́."

"Ìdánwò kẹ̀? Aláìsàn?"

"Àìsàn wo, mà? Kò pa kíláàsì jẹ rí."

Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wá màmá mi. Ó dúró sẹ́yìn pátápátá, ó di gèlè rẹ̀ mú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń jà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omijé lé ròrò sójú mi. Nítorí mi ló ṣe purọ́, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá dákẹ́, àwọn obìnrin wọ̀nyí ò ní í gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́ láéláé. Mo dìde lórí àpáta. Omi àdúrà ń kán ní àgbọ̀n mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú sí màmá mi. Mi ò ṣàìsàn. Èèyàn ni mo ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá ti pọ̀, tí ẹ wá ń wò mí, ẹ̀rù yín á bà mí, ọ̀rọ̀ ò ní í jáde mọ́. Ìdí tí mo fi kúrò nílé-ìwé nìyẹn. Ojú ń ti màmá mi láti sọ fún yín, ẹ ò sì jẹ́ kó ráyè sọ ọ́ nígbà tó yá." Mo sọ ti àdúrà òwúrọ̀, mo sọ ti makirofóònù, mo sọ ti wáyà etí, mo sọ ti méje. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́.

Mo sọ ọ́ tán. Ìyá Àdínì wo ara rẹ̀, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Èèyàn? Àwa wọ̀nyí?"

"Ẹ̀yin gan-an, mà."

"Ta lo bẹ̀rù jù nínú wa?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin ni."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Kì í ṣe ìwọ nìkan." Ẹ̀rín bú jáde lórí àpáta, Ìyá Àdínì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ẹní mi. Ìyá Sàdíà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Adìyẹ mi ńkọ́?"

Màmá mi ló dá a lóhùn. "A ti jẹ ẹ́."

"Ẹ ti jẹ ẹ́!"

"Ó sanra gan-an ni. Ẹ ṣé o."

Àǹtí Kẹ́mi ní àkókò mi ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì ní ìbéèrè kan. "Ìwọ tí o ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá kàwé, èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ yìí?"

"Mi ò tíì kà wọ́n, mà."

Ó ní mo ti yege. Ó ní òun yọ máàkì díẹ̀ nítorí mo yà kúrò lórí àkòrí. Mo fẹ́ fò sókè, àmọ́ Ìyá Àdínì ti dìde, ó ti ń gbọn ìyẹ̀fun èlùbọ́ kúrò lára aṣọ. Ó ní, "Àìsàn yìí, a ti mọ oògùn rẹ̀. Láti Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun ni yóò máa ka ìkéde fún wa ní àsálátù. Makirofóònù wà." Kí n tó la ẹnu, màmá mi ti ní, "Ó máa wá." Obìnrin tó jẹ adìyẹ aládìyẹ kò ní ohun mìíràn tó lè sọ. Báyìí ni mo ṣe yege ìdánwò tó yẹ kó gbà mí lọ́wọ́ makirofóònù, tí wọ́n sì fi makirofóònù dá mi lọ́lá. Wọ́n kó mi sínú bọ́ọ̀sì padà sí Ìkàrẹ́. Àárín gbùngbùn ni wọ́n fi mí sí, wọ́n ní kó lè mọ́ mi lára.

Wọ́n máa ń ní èèyàn laṣọ ẹni. Èmi bọ́ tèmi sílẹ̀, mo sá, aṣọ gba bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ dá wà, kó sọ pé òun fẹ́ dá wà, kó má sọ pé ara òun ò yá. Ilé-ìwé orí fóònù ni mo ṣì ń lọ di òní, bàbá mi ò sì yẹ àdéhùn.

Ọjọ́ Àìkú yẹn pé. Ìyá Àdínì ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má wò mí. Nígbà tí mo dúró, gbogbo wọn tẹ orí ba, wọ́n ń wo ẹní. Mo ka ìkéde náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn mi ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kúrò lẹ́nu mi, ìtura dé, ẹsẹ̀ mi sì mú ọ̀nà pọ̀n. Mo ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó kí n tó rí i pé makirofóònù wọn wà lọ́wọ́ mi.

Mo dúró lójú títì. Ilé ò jìnnà mọ́, bàbá mi sì mọ ọ̀nà dáadáa, ó lè dá a padà lọ́la. Mo wo ọ̀nà ilé, mo wo makirofóònù, mo yí padà.

Nígbà tí mo wọlé, orí wọn ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ń retí kí n sọ pé mo ti parí. Mo gbé makirofóònù sẹ́nu, mo ní, "Ó ti tán o. Ẹ lè wò mí báyìí." Wọ́n gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fun mi tún gbẹ, àmọ́ ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde.